Ọjọ́ Méje tí Oníìpara Fi Ka Ìpolówó Ara Rẹ̀

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Obìnrin kan wà ní àjà kẹta ilé tí mò ń gbé. Kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì, ìpara tó ń ṣe kò sì ní àbùkù kankan. Síbẹ̀ ó ku ọjọ́ méje péré kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí gbólóhùn kan tí kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ojú mi ló ṣe. Ọwọ́ mi náà kan ibẹ̀ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ibi tó ti kàn án.

Oníìpara ni gbogbo ilé ń pè é. Ọdún mọ́kànlá ló fi fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn, aṣọ ibùsùn àti aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, nínú omi gbígbóná àti ọṣẹ tó le tó bẹ́ẹ̀ tí ìka rẹ̀ fi là bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò rí ìpara tó bá a lára mu, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í po tirẹ̀ nínú ìkòkò kékeré: òróró, ìda oyin, omi tó ti sè. Èyí àkọ́kọ́ dì gbagidi bí àbẹ́là. Ìkejì ń ṣàn bí ọbẹ̀ tí àlejò bá nílẹ̀. Ìkẹtàlá ló fi pa ọwọ́ tí ọwọ́ náà kò ta á mọ́. Àwọn afọṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó bu díẹ̀ fún àwọn, bó ṣe di òwò nìyẹn.

Nígbà tí èmi fi mọ̀ ọ́n, ó ti háyà yàrá ẹ̀yìn kan ní ìsàlẹ̀ ilé. Táìlì funfun gùn dé èjìká ní ara ògiri. Tábìlì irin méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan tí yóò sọ ìwọ̀n ewé tó bá já bọ́ lé e, àti àwọ̀n ìborí tó so rọ̀ lórí ìṣó. Lára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ìwé-ẹ̀rí kan wà nínú gíláàsì. Ọ́fíìsì tó ń mójú tó ohun ìṣaralóge ló fún un. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi tọ ìwé yẹn lẹ́yìn, tó ń gbé ìpara lọ, tí wọ́n ń ní kó gbé òmíràn wá, tí wọ́n sì gbé ọ̀kan sínú ooru fún oṣù mẹ́ta láti wò bóyá yóò bàjẹ́. Nọ́ńbà kan wà lórí ìwé náà tó gbọ́dọ̀ hàn lára gbogbo ìgò. Kò sí nọ́ńbà, kò sí títà.

Ohun kan tún wà nínú ìwé yẹn tí Oníìpara mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀: ohun ìṣaralóge ni ìpara yìí, kì í ṣe oògùn. Ó lè sọ pé òun ń mú ara rọ̀, pé òun ń mú ara dán, pé òun wà fún ara gbígbẹ. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ń wo ohunkóhun sàn. Ohun tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà oògùn ni yóò gbà, ọ̀nà yẹn sì jìn.

Nítorí náà ló ṣe ní àṣà kan ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó lẹ lébẹ́ẹ̀lì tuntun kankan, ẹnìkan á máa ka lébẹ́ẹ̀lì náà sókè, ẹnìkejì á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ìwé tí ọ́fíìsì ti fọwọ́ sí. Bí ẹnu àti ìka kò bá pàdé, lébẹ́ẹ̀lì náà di ìdọ̀tí.

Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe é ni àbúrò ọkọ rẹ̀. Adúmáradán ni Oníìpara fún un lórúkọ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, orúkọ náà sì bá iṣẹ́ wọn mu ju bí ẹnikẹ́ni ti lérò lọ. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án kéré sí Oníìpara, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ti rí: ọmọ ilé ni, ọkọ ni. Oníìpara ló ni iṣẹ́, òun ló ń gbé iṣẹ́ fún un, síbẹ̀ "ẹ jọ̀wọ́" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń bá a sọ. Adúmáradán ní tirẹ̀ á wo ọ̀gá rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, á ní, "Ìyàwó, àwọ̀n orí ẹ wọ́." Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi gbogbo rẹ̀ rín.

Ibi tí èmi ti wọ̀ ọ́ nìyí. Èmi tí mo fúnra mi kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ lórí fóònù, èmi ni mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní AI hàn wọ́n, ẹ̀rọ tí a ń bá sọ̀rọ̀ tó sì ń kọ ohun tí a bá ní kó kọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọjọ́ Àìkú kan gbáko ni Oníìpara fi ń kọ ìpolówó kan. Èyí tó dára jù nínú wọn ni: "Ìpara wa dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rà á." Adúmáradán ní ó dà bí ẹni tó ń tọrọ ibi ìjókòó nínú mọ́tò.

Ẹ̀rọ náà kọ ọgbọ̀n láàárín ọ̀sán kan. Ọgbọ̀n! Ó kọ fún àwọn afọṣọ, ó kọ fún àwọn tó ń fọ àwo, ó kọ fún àwọn bíríkìlà tí sìmẹ́ńtì ti jẹ lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́, àwọn tó gbọ́ èdè náà sì dáhùn. Kí oṣù méjì tó pé, ìgò tí wọ́n ń dì lọ́sẹ̀ kan ti di ìlọ́po mẹ́ta. Obìnrin kan ní ìlú tí Oníìpara kò dé rí kọ̀wé pé òun ti ń wá irú ìpara yìí láti ọdún márùn-ún. Oníìpara ní kí n ka ìwé náà fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn débi pé mo ń fò lórí àtẹ̀gùn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí àwọn ọ̀rọ̀ ohùn. Àwọn oníbàárà a máa gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù láti fi dúpẹ́, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà ńlẹ̀. Oníìpara ní òtítọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n, kì í ṣe òun ló yin ara òun. Ni Adúmáradán bá da gbogbo wọn fún ẹ̀rọ náà, ó ní kó fi wọ́n kọ ìpolówó tó wọni lọ́kàn. Ẹ̀rọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ pé ara yíyún òun ti dẹwọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ sọ tirẹ̀ di pé ìpara yìí ń wo ara yíyún sàn pátápátá. Ẹni tó sọ pé òun kò lo oògùn ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ sọ tirẹ̀ di "Ẹ lè gbé oògùn ilé ìwòsàn tì." Adúmáradán nà gbọọrọ lórí àga, ó ń gbé wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń já ẹ̀wà.

Oníìpara rọra béèrè bóyá wọ́n ti kà á. Adúmáradán kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé lébẹ́ẹ̀lì ni? Gọ́ọ̀mù tí a ó fi lẹ̀ ẹ́ dà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ká ní òṣìṣẹ́ mìíràn ni, Oníìpara ì bá ní kó gbé e wá, kí àwọn kà á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ní kí ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ dìde kàwé bí ọmọ ilé-ìwé? Ó gbé ọ̀rọ̀ mì, ó padà sídìí òṣùwọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà, bó ṣe sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà nìyẹn.

Lẹ́tà dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó mú un wá ní kí Oníìpara fọwọ́ sí i. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà, mo rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró lórí bébà. Ọ́fíìsì tó fún un ní nọ́ńbà ló kọ ọ́. Ìyá kan ti fẹjọ́ sùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní àìsàn awọ ara tó máa ń yún tó sì máa ń ṣomi. Ìyá náà rí ìpolówó, ó gbé oògùn ilé ìwòsàn tì, ìpara ló ń fi pa ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí inú ìgbọ̀nwọ́ ọmọ náà méjèèjì fi di egbò. Wọ́n ní kí Oníìpara dá títà dúró lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kó wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ìpolówó tó ti gbé jáde, kó sọ ẹni tó kọ wọ́n, kó mú ẹ̀rí wá lórí ohun tí wọ́n sọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á fagi lé nọ́ńbà náà.

Oníìpara ní kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìpolówó òun. Mo ṣí fóònù, mo wá a, mo fi hàn án. Ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ìgò rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Ó jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Adúmáradán ti gba fóònù. Ó ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kíá, kí wọ́n sì lọ sọ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ta ló máa mú ẹ̀rọ lọ sí kóòtù? Ó pa àkọ́kọ́ rẹ́. Ìka rẹ̀ ti wà lórí ìkejì nígbà tí Oníìpara dìde, tó sì di ọwọ́ náà mú. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, n kò rí i rí kó fọwọ́ kan ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní ká mú wá. Tí a bá pa á rẹ́, a ti purọ́ ká tó débẹ̀."

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ fi ọwọ́ ara ẹ gbé ìwé-ẹ̀rí ẹ fún wọn ni?"

"Mo fẹ́ ka ohun tí a sọ fún ọmọ ọlọ́mọ."

Ohun tí a ṣe ni pé a tọ́jú ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí Adúmáradán ti pa rẹ́, torí ó ṣì wà nínú fóònù, kí a tó mú wọn kúrò lójú ayé. Igba ó lé méjìlá ni wọ́n. Mo fún ẹ̀rọ náà ní ìwé òfin ọ́fíìsì, mo ní kó fi àmì sí gbogbo ìpolówó tó bá rú òfin, kó sì sọ ìdí. Ní ogójì ìṣẹ́jú, ó mú mọ́kànléláàádọ́rin, pẹ̀lú ìdí lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wò ó, iṣẹ́ tí ì bá gba ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ méjì! Mo sáré gun àtẹ̀gùn lọ sọ pé ó ti parí.

Oníìpara béèrè ẹni tí yóò fi ìka tọ ọ́.

Ó tẹ gbogbo wọn jáde sórí bébà. Ní Ọjọ́rú, ó fi àga sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì irin, ó sì sọ fún Adúmáradán pé kó jókòó kó máa kà á sókè. Kò fi "ẹ jọ̀wọ́" ṣáájú. Adúmáradán wò ó, ó wo àga náà, ó jókòó. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń kà. Ohùn Adúmáradán le ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ti ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, ṣùgbọ́n bó ti ń kà lọ, ó ń rọlẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní kí àwọn ìyá gbé oògùn tì, kò lè kà á tán.

Wọ́n rí mẹ́rin tí ẹ̀rọ fi àmì sí láìṣẹ̀, torí wọ́n kàn sọ pé ara á dán. Wọ́n sì rí mẹ́sàn-án tí kò fi àmì sí rárá. Nínú ọ̀kan, dókítà awọ ara kan ni ó ń sọ̀rọ̀. Oníìpara béèrè dókítà wo. A wá inú ọ̀rọ̀ ohùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kò sí dókítà kankan níbẹ̀. Nínú òmíràn, àwòrán ọwọ́ méjì ló wà, ọ̀kan ti là, èkejì ń dán. Ó gbé bébà náà sún mọ́ ojú.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

Adúmáradán ní ẹ̀rọ ló yà á. Oníìpara tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, pẹ̀lú àpá tí ọṣẹ ilé ìwòsàn fi sí i lára. Ó ní òun ní ọwọ́, òun ní ọwọ́ tó là rí, kò sì sẹ́ni tó béèrè fún un. Èmi náà ti rí àwòrán yẹn nígbà tí wọ́n gbé e jáde, mo tilẹ̀ yìn ín.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó bẹ ọ́fíìsì pé kí wọ́n bá òun béèrè bóyá ìyá ọmọ náà lè gba òun láàyè láti wá. Ìyá náà gbà. Èmi kò bá a lọ. Ohun tó sọ nígbà tó dé kò ju pé ọmọ náà ti padà sídìí oògùn rẹ̀, egbò ti ń gbẹ. Ó ní ìyá náà kò bú òun. Ó kàn sọ pé nítorí pé ìpara náà ti dára fún ọwọ́ òun fúnra òun ni òun ṣe gbà á gbọ́ ju dókítà lọ. Oníìpara ní ó sàn kó bú òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Yàrá ìdúró ọ́fíìsì náà ní àga ike tí wọ́n so pọ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin, bí ẹnìkan bá mira, gbogbo yín lẹ ó mì. A mì gan-an lọ́jọ́ náà. Alámòójútó tó pè wá jẹ́ obìnrin tó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, awò ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Ó gba fáìlì, ó ṣí i, ó ń kà á ewé kan lẹ́yìn èkejì. Mo ka fèrèsé, mo ka ìlà orí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ Adúmáradán ń jó lábẹ́ tábìlì, Oníìpara gbé ọwọ́ lé e lórúnkún.

Alámòójútó béèrè ta ló kọ wọ́n.

Adúmáradán la ẹnu. Oníìpara ti ń sọ̀rọ̀. "Ẹ̀rọ ló to ọ̀rọ̀ pọ̀, mà. Àwa la fún un ní ohun tó tò. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ ẹ̀, n ò sì kà á."

Alámòójútó ní ṣé òótọ́ ni pé àwọn oníbàárà ló sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Oníìpara ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn wọn wà ńlẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún yín, ọpẹ́ ni. Nígbà tí ẹ gbé e síta, ìlérí yín ló dà."

Adúmáradán wá sọ̀rọ̀. Ó ní òun ló gbé e síta, ìyàwó àwọn béèrè lọ́wọ́ òun bóyá òun ti kà á, òun sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n má gba nọ́ńbà náà, torí òun mọ oṣù mẹ́rìnlá tó fi wá a. Alámòójútó bọ́ awò ojú. Ó béèrè àwọn mẹ́sàn-án tí ẹ̀rọ kò rí, bí wọ́n ṣe rí wọn. Oníìpara ṣàlàyé ẹnu àti ìka. Obìnrin náà ní kí wọ́n ṣe é kí òun rí i. Ní iwájú rẹ̀, Adúmáradán ka ìpolówó kan sókè, Oníìpara fi ìka tọ ọ́ títí wọ́n fi parí.

Wọn kò fagi lé nọ́ńbà náà. Wọ́n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ jáde ní gbogbo ibi tí ìpolówó ti jáde, àti ní gbogbo èdè tó fi jáde. Ìpolówó kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ ní fáìlì tirẹ̀: ohun tí wọ́n ní kí ẹ̀rọ kọ, ohun tó kọ, ẹni méjì tó kà á, ẹ̀rí tó gbè é lẹ́sẹ̀. Oníìpara béèrè bóyá òun ṣì lè lo ẹ̀rọ náà. Alámòójútó ní òfin kì í béèrè irinṣẹ́, ohun tó bá jáde ló ń béèrè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn le. Ìgò òfìfo tò sílẹ̀ bí ọmọ aláìníyàá, àwọn oníbàárà míì sì ti bá ẹlòmíràn lọ, wọn kò padà di òní. Mo ní kí ẹ̀rọ bá a kọ ìkìlọ̀ náà. Ó kọ pé a tọrọ àforíjì fún èdè-àìyédè tó lè ti wáyé. Oníìpara ní kì í ṣe èdè-àìyédè, ọ̀rọ̀ òun yé wọn, ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ẹ̀rọ kàn túmọ̀ rẹ̀ ni, a sì wá ẹni tó gbọ́ èdè kọ̀ọ̀kan láti kà á. Ó kọ ọ́ báyìí: "Èmi tí mò ń ṣe ìpara yìí ló ń sọ̀rọ̀. A sọ fún yín pé ó ń wo àìsàn sàn. Irọ́ ni. Ara gbígbẹ ló wà fún. Ẹni tí dókítà bá fún lóògùn, kó má gbé e tì nítorí wa."

Wọ́n ti ń tà padà báyìí. Ìgò tí wọ́n ń dì kò tíì tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà ṣì ń kọ, mo ṣì ń fò lórí àtẹ̀gùn, Adúmáradán sì ń jókòó kàwé láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ẹnu mi gbọ́. Ìpolówó ìpara kan wà lórí fóònù yín lónìí tó ń ṣèlérí ńlá, ó dá mi lójú. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á, ẹ bi í léèrè ẹni tó kà á kó tó jáde. Ẹ lọ gbọ́ ohun tí yóò sọ fúnra yín.